ÈWO NÍNÚ ÀWỌN LINUX NI Ó YẸ ILÉ WA?

 

Lóde òní, ní agboolé púpọ̀ láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, láti ẹsẹ̀ òkè Màpó dé Bẹ́yẹrúnkà, kì í ṣe ohun ìyanu mọ́ láti rí láptọ́ọ̀pù lórí tábìlì. Òmíràn jẹ́ tòkunbọ̀ tí bàbá rà ní Queen Cinema, òmíràn sì jẹ́ èyí tí ẹ̀gbọ́n fi ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó. Ọmọ ń fi í múra sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB, ìyá tí ń ránṣọ ń fi í kọ gbèsè àwọn oníbàárà rẹ̀ sílẹ̀, alfa ilé kéwú sì ń fi í tẹ orúkọ àwọn ọmọ kéwú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi ilé mẹ́wàá léèrè pé, kí ni orúkọ ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà wọn, bóyá ni ẹ óò rí ilé méjì tí yóò dá yín lóhùn.

Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ọ̀rọ̀ eré. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni ilé-iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún Windows 10 dúró, àyàfi fún àwọn tí ó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ọdún kan. Windows 11 tí ó rọ́pò rẹ̀ kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ni ó lè gbé e. Ó ń béèrè ìrántí RAM gígábáìtì 4, àyè ìkẹ́rù gígábáìtì 64, àti èròjà ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0. Púpọ̀ jùlọ nínú àwọn ẹ̀rọ Intel tí ó ti jáde ṣáájú ìran kẹjọ, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2017, ni kò sí nínú ìwé orúkọ àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ sì ni irú àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú tòkunbọ̀ tí a ń rà.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà níwájú ẹni tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ekínní, kí ó lọ ra ẹ̀rọ tuntun. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Èkejì, kí ó máa lo ohun tí ó wà níbẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé tí a kò tún ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣe mọ́, olè yóò mọ ọ̀nà ibẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ̀kẹta, kí ó fi ètò-adarí ọ̀fẹ́ sínú ẹ̀rọ náà, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Linux. Ibẹ̀ ni wàhálà tún ti bẹ̀rẹ̀, nítorí Linux kì í ṣe ẹyọ kan. Orúkọ rẹ̀ pọ̀ bí orúkọ agboolé ní Ìbàdàn. Èwo ni kí a mú, èwo ni kí a fi sílẹ̀? Ohun tí a fẹ́ yanjú lónìí nìyẹn.

KÍ NI ÈTÒ-ADARÍ?

Kọ̀ǹpútà tí kò ní ètò-adarí dà bí ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀. Ètò yìí ni ó ń jí ẹ̀rọ nígbà tí a bá tàn án. Òun ni ó ń gba ohun tí ìka wa tẹ̀ tí ó sì ń gbé e sójú gíláàsì. Òun ni ó mọ ibi tí a kó ìwé wa pamọ́ sí, òun náà ni ó sì ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tí a ń gbà jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Windows ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀. Títà ni Microsoft ń tà á, bí wọ́n sì ti ṣe é jẹ́ àṣírí wọn. Nítorí owó rẹ̀ ni àwọn ènìyàn ṣe ń lọ bá ẹni tí yóò fi ayédèrú rẹ̀ sí i fún wọn. Ayédèrú náà kò ní ẹni tí yóò dáhùn fún un bí ó bá bàjẹ́, ó sì lè gbé kòkòrò fáírọ́ọ̀sì wọlé pẹ̀lú ara rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ohun tí a kò rà, tí ẹni tí ó ni ín kò sì fi ta wá lọ́rẹ, mùsùlùmí kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeré.

Linux yàtọ̀. Ó dà bí obìnrin alákàrà tí ó sọ fún gbogbo ọjà pé: “Ẹ wá wo bí mo ṣe ń lọ ẹ̀wà mi àti bí mo ṣe ń pò ó. Ẹ dín tiyín, ẹ fi ata kún un bí ó bá wù yín, ẹ tilẹ̀ lè tà á. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín sí: ẹni tí ẹ bá fún, ẹ má ṣe fi bí ẹ ṣe pò ó pamọ́ fún un.” Àdéhùn yìí ni wọ́n kọ sínú ìwé òfin tí a ń pè ní GPL, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1989. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí wákàfù jẹ́, kànga tí a gbẹ́ fún ará àdúgbò tí ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ di tirẹ̀ nìkan mọ́, yóò tètè lóye rẹ̀. Ènìyàn lè gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá pọn omi fún, ṣùgbọ́n kò lè ti kànga náà pa.

ARÓ KAN, ÀPẸẸRẸ PÚPỌ̀

Ní 1983 ni ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Richard Stallman, kéde pé òun yóò ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí yóò jẹ́ òmìnira fún gbogbo ènìyàn, ó sì pè é ní GNU. Iṣẹ́ náà lọ jìnnà, ṣùgbọ́n ọkàn tí yóò máa lù nínú rẹ̀ kò tíì parí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1991, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 21 kan ní yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, Linus Torvalds, kéde pé òun ń ṣe ètò kékeré kan fún ìgbádùn ara òun. Ètò kékeré yẹn ni ó di ọkàn náà, òun ni Linux. Ní 1992 ó fi í sábẹ́ àdéhùn GPL, láti ìgbà náà ni ọwọ́ púpọ̀ káàkiri ayé ti ń bá a tún un ṣe.

Bí ọkàn náà ti jẹ́ ọ̀kan, kí ló dé tí orúkọ fi pọ̀? Ẹ wo àwọn aláró wa. Inú aró kan náà ni wọ́n ti ń rẹ aṣọ, ṣùgbọ́n ọ̀kan á ya “Ìbàdàn dùn”, tí òpó gbọ̀ngàn Màpó wà lára rẹ̀, òmíràn á ya tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ẹgbẹ́ kan ṣe ń mú ọkàn Linux, tí wọ́n ń fi tábìlì iṣẹ́, ètò ìkọ̀wé, ètò orin àti ti íntánẹ́ẹ̀tì kún un, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ lórúkọ tí ó wù wọ́n.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ Linux dẹ́rù bà yín. Fóònù Android tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ìyá wa ní Ọjà'ba, ọkàn Linux ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ láti ìgbà tí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ti dé ọjà ní 2008. Ẹni tí ó ń fi fóònù Android gba owó ọjà ti ń lo Linux tipẹ́, orúkọ rẹ̀ ni kò mọ̀.

ÀWỌN TÍ Ó WÀ NÍNÚ AGBOOLÉ NÁÀ

Debian ni bàbá. Ian Murdock ni ó dá a sílẹ̀ ní 1993. Ó mú orúkọ Debra, ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ tí ó padà di aya rẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ Ian tirẹ̀, ó di Debian. Kò sí ilé-iṣẹ́ kan tí ó ni ín. Àwọn olùyọ̀ǹda ara wọn ni wọ́n ń ṣe é, wọ́n sì ń dìbò yan olórí wọn lọ́dọọdún. Nǹkan bí ọdún méjì méjì ni wọ́n ń gbé tuntun jáde, wọn kì í sì í kánjú. Ìtọ́jú rẹ̀ máa ń pé ọdún márùn-ún. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lè má jẹ́ ti àná, ṣùgbọ́n ó dúró gbọn-in. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó ń béèrè sùúrù díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò ṣe irú rẹ̀ rí.

Ubuntu ni ọmọ. Mark Shuttleworth, ọmọ ilẹ̀ South Africa, ni ó fi owó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, oṣù kẹwàá ọdún 2004 ni ti àkọ́kọ́ jáde. Láti inú Debian ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Orúkọ rẹ̀ wá láti inú èdè àwọn ará Zulu àti Xhosa, ó sì jọ ohun tí àwa ń pè ní ìwà ọmọlúàbí sí ẹnìkejì. Títí di 2011 ni wọ́n fi ń fi àwo CD rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ nípasẹ̀ ìwé ìfìwéránṣẹ́ sí ẹni tí ó bá béèrè, ibi yòówù kí ó wà láyé. Ilé-iṣẹ́ Canonical ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀dá rẹ̀ tí ó ń pẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní LTS, ń jáde ní oṣù kẹrin ní ọdún méjì méjì, ó sì ní ìtọ́jú ọdún márùn-ún. Èyí tí ó jáde ní 2024, tí í ṣe 24.04, ń béèrè ìrántí gígábáìtì 4. Lórí ẹ̀rọ tí ó ti gbó, ó máa ń wúwo.

Linux Mint ni ọmọ-ọmọ. Clement Lefebvre ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2006. Orí Ubuntu ni wọ́n kọ́ ọ lé, ṣùgbọ́n wọ́n tún ojú rẹ̀ ṣe kí ó lè jọ ohun tí ẹni tí ó ti ń lo Windows mọ̀: bọ́tìnì wà ní ìsàlẹ̀ lápá òsì, aago wà lápá ọ̀tún, ìwé wà níbi tí ọwọ́ ti máa ń wá a. Inú àwọn ìyá wa yóò dùn láti gbọ́ pé orúkọ obìnrin ni wọ́n máa ń sọ ẹ̀dá rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ada ni àkọ́kọ́, Wilma sì ni Mint 22 tí ó jáde ní 2024. Ìrántí gígábáìtì 2 tó láti gbé e dìde, ṣùgbọ́n gígábáìtì 4 ni yóò fi rìn fàlàlà.

Lubuntu ni àbúrò Ubuntu tí kò sanra. Ọkàn kan náà ni, ṣùgbọ́n wọ́n bọ́ aṣọ ńlá kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó ní gígábáìtì 2 tí Ubuntu ń dá lágara, Lubuntu lè mú un rìn.

Fedora wá láti agboolé mìíràn, agboolé Red Hat ti Amẹ́ríkà, tí IBM rà ní 2019. Láti 2003 ni ó ti wà. Ohun tuntun ni ó fẹ́ràn. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń gbé tuntun jáde, ìtọ́jú ẹyọ kọ̀ọ̀kan kò sì ju nǹkan bí oṣù 13 lọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ máa yí i padà lóòrèkóòrè, kí ó má ṣe mú un. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì tàbí ní Poli yóò jàǹfààní rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ kan tún ń gbé orúkọ Kali kiri, wọ́n sì ń fi í yangàn láàrin ẹgbẹ́. Kali, tí ó jáde ní 2013, jẹ́ irinṣẹ́ fún àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa dán ààbò ilé-iṣẹ́ wò bóyá olè lè wọ ibẹ̀. Kì í ṣe ohun tí a ń fi ka ìwé tàbí tí a ń fi kọ ìṣirò ọjà. Bàbá tí ó bá rí i lórí ẹ̀rọ ọmọ rẹ̀, kí ó béèrè ohun tí ó fẹ́ fi ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a tún gbé wọn sórí ìwọ̀n owó détà, nítorí ọ̀fẹ́ ni ètò náà, détà tí a ó fi fà á wálẹ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ubuntu 24.04 ń sún mọ́ gígábáìtì 6. Mint 22 kò tó 3. Lubuntu wà ní nǹkan bí 3. Fedora kò tó 3 bákan náà. Debian ní èyí tí kò tó ẹyọ gígábáìtì kan tí a lè fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n yóò máa fa ìyókù wálẹ̀ bí ó bá ti ń lọ. Nítorí náà, bí ẹnìkan ládùúgbò bá fà á lẹ́ẹ̀kan, ó lè dà á kọ fún ogún ilé. Òfin rẹ̀ gbà á, kò sí ẹni tí a jà lólè.

Ẹni tí ó sì ní ẹ̀rọ tí ó ti gbó gan-an, irú ti 32-bit, kí ó mọ̀ pé ọ̀nà ti ń dí. Debian 13 tí ó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2025 kò ní èyí tí a lè fi bẹ̀rẹ̀ lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Debian 12 ni ó kẹ́yìn, ìtọ́jú rẹ̀ sì dé oṣù kẹfà ọdún 2028.

MÉJÌ TÍ Ó TI KỌJÁ LỌ

Títí di ibi tí a dé yìí, ẹnìkan lè rò pé ìrántí àti détà nìkan ni ọ̀rọ̀. Rárá. Ohun kan wà tí ó ju wọ́n lọ, ìtàn méjì ni yóò sì fi í hàn wá.

Ìtàn kìíní ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa yìí. Ọdún 2007 jẹ́ ọdún kọ̀ǹpútà ọmọ iléèwé. Ní ọdún náà ni wọ́n gbé ẹ̀rọ kékeré XO dé ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Galadima ní Abuja, orí Fedora sì ni wọ́n kọ́ ètò rẹ̀ lé. Ní ọdún yẹn kan náà, ilé-iṣẹ́ Mandriva ti ilẹ̀ Faransé bá Nàìjíríà ṣe àdéhùn pé Linux tiwọn ni yóò wà nínú 17,000 ẹ̀rọ Classmate tí Intel ṣe fún àwọn ọmọ iléèwé. Nígbà tí ó di ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, François Bancilhon, ọ̀gá Mandriva, kọ ìwé gbangba sí ọ̀gá Microsoft, Steve Ballmer. Ó ní wọ́n ti sọ fún àwọn pé owó ètò náà yóò wọlé, ṣùgbọ́n wọn yóò pa á rẹ́ kúrò nínú ẹ̀rọ, wọn yóò sì fi Windows rọ́pò rẹ̀. Microsoft ní tiwọn sọ pé àwọn ń tẹ̀lé òfin. Ní oṣù kọkànlá, a gbọ́ láti ọ̀dọ̀ àjọ ìjọba tí ó ń fi owó sí iṣẹ́ náà pé Mandriva ni àwọn ṣì fẹ́ máa lò.

Ariwo náà dé gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó tẹ̀lé e. Ní 2015, ilé-iṣẹ́ Mandriva fúnra rẹ̀ kógbá sílé. Àwọn ọmọ tí ó bí, bíi Mageia, ṣì ń bẹ láyé, ṣùgbọ́n ilé tí ó bá Nàìjíríà ṣe àdéhùn kò sí mọ́.

Ìtàn kejì kan àwa mùsùlùmí gan-an. Ní 2007 bákan náà ni àwọn arákùnrin kan mú Ubuntu, tí wọ́n fi ohun èlò ilé mùsùlùmí kún un, wọ́n sì pè é ní Ubuntu Muslim Edition. Lẹ́yìn náà wọ́n yí orúkọ rẹ̀ sí Sabily, tí ó túmọ̀ sí “ọ̀nà mi” ní èdè Lárúbáwá. Inú rẹ̀ ni ènìyàn ti lè ka Kùránì pẹ̀lú ètò kan tí ń jẹ́ Zekr, ó ń pe àkókò ìrun, ó ní kàlẹ́ńdà Híjírà, ó sì ní ohun tí ń dí ojú ìwé àìmọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ. Àbí kí ni ìdílé mùsùlùmí tún fẹ́?

Síbẹ̀, Sabily kẹ́yìn ní 2011. Orí Ubuntu 11.10 ni wọ́n kọ́ ọ lé, ìtọ́jú Ubuntu náà sì parí ní oṣù karùn-ún ọdún 2013. Kì í ṣe pé èrò rẹ̀ kò dára. Ọwọ́ tí ń ṣe é ni kò pọ̀. Ẹni tí ó bá rí àwo rẹ̀ àtijọ́ lónìí tí ó sì fi sínú ẹ̀rọ nítorí orúkọ dáadáa tí ó ní, ilẹ̀kùn tí a kò tún ṣe láti 2013 ni ó fi ṣọ́ ilé rẹ̀.

Kí ni a rí kọ́? Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí a tó mú ètò-adarí kan, kí a má ṣe béèrè pé, “Báwo ni ó ti lẹ́wà tó?” Kí a kọ́kọ́ béèrè pé, “Ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀, ọwọ́ mélòó ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀, títí di ọdún wo sì ni?” Debian ti wà láti 1993, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọwọ́ sì ni ó ń gbé e. Bí ẹnìkan bá kúrò níbẹ̀, ilé kò ní wó. Ubuntu, Mint àti Lubuntu, orí ìpìlẹ̀ yẹn ni gbogbo wọn dúró lé.

Ohun tí ó sì dùn mọ́ wa nínú Sabily, a kò pàdánù rẹ̀. Tanzil, iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2007 láti máa ṣàyẹ̀wò ọ̀rọ̀ Kùránì lórí kọ̀ǹpútà kí àṣìkọ má baà wọ inú rẹ̀, ṣe é ṣí lórí Linux yòówù. Lẹ́tà Lárúbáwá tí ó rẹwà bíi Amiri wà lọ́fẹ̀ẹ́. Bọ́tìnì ìkọ̀wé Lárúbáwá wà nínú gbogbo wọn. Nínú àtòjọ bọ́tìnì ìkọ̀wé, lábẹ́ Nigeria, ẹ óò rí Yorùbá níbẹ̀ pẹ̀lú, kí alfa lè kọ ọ̀rọ̀ wa pẹ̀lú àmì lórí àti lábẹ́ bí ó ti yẹ.

OHUN TÍ A GBỌ́DỌ̀ MỌ̀ KÍ A TÓ ṢE É

A kò ní tan yín jẹ. Ọ̀rọ̀ Linux ní ibi tí ó ti ń le.

Microsoft Office tí ọ̀pọ̀ mọ̀ kì í wọ inú rẹ̀. LibreOffice, tí ó ti wà láti 2010, ni ó rọ́pò rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Ó ń ṣí ìwé Word, ó sì ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ìlà ìwé lè ṣí díẹ̀ kúrò níbi tí ó wà. Àwọn ètò kan tí ọmọ fi ń dánrawò fún JAMB jẹ́ ti Windows nìkan. Kí ẹ bi ẹni tí ń tà á léèrè kí ẹ tó sanwó. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan wà tí Linux mọ̀ lójú ẹsẹ̀, òmíràn wà tí yóò fún yín ní wàhálà. Ẹni tí iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ bá dúró lórí ètò kan tí kò sí lórí Linux, kí ó má ṣe jẹ́ kí ọ̀fẹ́ mú un kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ìdí nìyí tí a fi gba yín nímọ̀ràn láti kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é kò le:

Ekínní, ẹ da gbogbo ìwé àti àwòrán yín kọ sórí fláàṣì tàbí àpótí mìíràn, kí ẹ sì ṣí i lórí ẹ̀rọ mìíràn láti rí i dájú pé ó wà níbẹ̀. Ìyá tí ó pàdánù àkọsílẹ̀ gbèsè ọdún méjì ti pàdánù owó.

Èkejì, ẹ ní kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n fi Linux náà sórí fláàṣì tí ó tó gígábáìtì 8. Ohun tí ó bá wà lórí fláàṣì náà yóò pa rẹ́, nítorí náà ẹ má lo èyí tí ẹ da ìwé yín kọ sí.

Ẹ̀kẹta, ẹ tan ẹ̀rọ láti orí fláàṣì náà. Mint, Ubuntu, Lubuntu àti Fedora yóò dìde láìfọwọ́ kan ohunkóhun tí ó wà nínú ẹ̀rọ. Ẹ lò ó fún ọjọ́ méjì mẹ́ta. Ẹ wò bóyá Wi-Fi ń ṣiṣẹ́, bóyá ohùn ń jáde, bóyá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé gbọ́rọ̀. Yóò lọ́ra díẹ̀ lórí fláàṣì. Kí ìyẹn má ṣe bà yín lẹ́rù.

Ẹ̀kẹrin, bí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ìgbà náà ni kí ẹ tó fi í sínú ẹ̀rọ. Bí àyè bá wà, ó lè jókòó ti Windows, kí ẹ máa yan èyí tí ẹ fẹ́ nígbà tí ẹ bá ń tan ẹ̀rọ.

Ìkarùn-ún, ẹ ṣe yàrá ọ̀tọ̀ fún ọmọ lórí ẹ̀rọ náà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀, kí ti òbí sì wà lọ́wọ́ òbí. Ọmọ kò ní lè fi ohun tuntun sínú ẹ̀rọ láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá sì fẹ́ dí ojú ìwé àìmọ́, ẹ ní kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tọ́ka ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì yín sí 1.1.1.3, èyí tí Cloudflare ṣe fún ìdílé ní 2020. Ó ń dín ewu kù, ṣùgbọ́n ojú òbí ni ó ń ṣọ́ ọmọ.

ÈWO NI KÍ A MÚ?

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Síbẹ̀ ẹni tí ó béèrè ọ̀nà yóò fẹ́ kí a nawọ́ sí ọ̀kan.

Ilé tí ẹ̀rọ rẹ̀ ní gígábáìtì 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àwọn ara ilé sì ti mọ Windows lára, Mint ni kí wọ́n mú. Ilé tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò ju gígábáìtì 2 lọ, Lubuntu ni. Ilé kéwú tàbí ọ́fíìsì mọ́ṣáláṣí tí ó ní ẹ̀rọ mẹ́rin márùn-ún, tí ẹnìkan tí ó mọ iṣẹ́ ń bójú tó gbogbo wọn, Debian ni yóò fún un ní ìfọ̀kànbalẹ̀, nítorí ìwé ìgbéyàwó àti ìwé sàká kì í ṣe ohun tí a ń fi dán ohun tuntun wò. Ọmọ tí ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lè lọ bá Fedora, kí ó máa tún un ṣe, kí ó sì máa kọ́gbọ́n níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé Ubuntu ni àbúrò yín tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe mọ̀ dunjú, tí ẹ̀rọ yín sì lè gbé e, ẹ mú Ubuntu, kí ẹ fi ìmọ̀ràn wa sílẹ̀. Ètò tí ó dára díẹ̀ jù, tí kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n nítòsí, kò tó èyí tí aládùúgbò lè bá yín tún ṣe lálẹ́ ọjọ́ tí ìdánwò ọmọ ku ọ̀la. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ wá àgbà ọjà yìí kí ẹ tó gbé ọmọ pọ̀n.